Gbé E Sára Mi

Bí ẹ bá ń wá ìjà Fẹ̀yìntọlá, ẹ kàn sọ fún un pé ẹ fẹ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìyá ìkókó. Obìnrin náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún, òrí ló ń fún tà ní Ṣakí, ó sì ti bá ẹbí àti ará àdúgbò wẹ ọmọ títí tí òun fúnra rẹ̀ kò fi mọye mọ́. Bí ọmọ bá kọ ọmú, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Bí ọmú bá dì, òun náà ni. Ẹ wá wo irú ìbínú tó bí i láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, nígbà tó ṣí ilẹ̀kùn yàrá Waliyat, ọmọ rẹ̀, tó sì bá a níwájú dígí láìwọ aṣọ lókè, tó na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró.

"Ta ló ní kí o na ọwọ́ sókè? Wọ́n ń jà ọ́ lólè ni?"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ilẹ̀kùn. Mò ń check ara mi ni."

Fẹ̀yìntọlá ti ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n inú yàrá ló dúró sí. Khàdíjàt, ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó torí rẹ̀ wá láti Ṣakí sí Abuja, ti mu ọmú yó, ó ti sùn lọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Waliyat wá ń ṣàlàyé. Ó ní nígbà tí àwọn lọ gba abẹ́rẹ́ ọmọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Hadassah kó gbogbo ìyá ọmọ jọ, ó sì kọ́ wọn bí obìnrin ṣe ń yẹ ọmú ara rẹ̀ wò lóṣooṣù. Wọ́n á kọ́kọ́ wò ó nínú dígí, wọ́n á jọ̀wọ́ ọwọ́ sílẹ̀, wọ́n á gbé e sókè, wọ́n á fi di ìbàdí mú, kí wọ́n rí i bóyá awọ ibì kan wọnú, tàbí orí ọmú kan yí padà. Lẹ́yìn náà, wọ́n á dùbúlẹ̀, wọ́n á fi ọwọ́ kan sẹ́yìn orí, wọ́n á wá fi ìka mẹ́ta àárín ọwọ́ kejì máa tẹ̀ ẹ́ yípo yípo, láti egungun ọrùn títí dé abẹ́ ọmú, títí wọ abíyá. Ẹni tó ń ṣe nǹkan oṣù á ṣe é ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tó bá parí. Ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú á dúró kí ọmọ mu ún kó rọ̀ ná.

"Ọmú tìrẹ fúnra rẹ lo ń fọwọ́ wá kiri bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù," ni Fẹ̀yìntọlá wí. "Ní ìlú yìí, kò sí ohun tí ẹ ò ní gbà kọ́."

Waliyat kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọmú òsì rẹ̀, ó sì fi síbẹ̀.

"Màámi, nǹkan kan wà níbí."

Fẹ̀yìntọlá bu òrí sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ra, ó sì tẹ ibẹ̀. Lóòótọ́, kókó kan wà níbẹ̀, ó tó àgbàlùmọ̀ kékeré, ó sì ń yọ̀ lábẹ́ ìka. Irú rẹ̀ tó ti kan ọwọ́ rẹ̀ láyé yìí kò níye.

"Ọmú ló dì. Gbé omi kaná."

Ó pe mẹ́ruwà tó ń ti bárò omi kọjá lẹ́yìn fèrèsé, ó ń kí i ní Hausa, "sànnu, sànnu", títí tí ìyẹn fi yà, ó ra omi gálọ́ọ̀nù méjì, ó gbé e kaná, ó ki táwẹ̀lì bọ̀ ọ́, ó sì fi tẹ ọmú ọmọ rẹ̀ títí tí Waliyat fi pariwo. Nígbà tó parí, kókó náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí Waliyat lọ sọ fún nọ́ọ̀sì rẹ̀ pé Ṣakí ló yanjú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dàrú nìyí. Ní ọjọ́ Túsìdeè, kókó náà padà. Ní ọ̀sán, lẹ́yìn tí ọmọ mu ọmú, wọ́n wá a títí wọn ò rí i. Ní ìrọ̀lẹ́, ó tún wà níbẹ̀, ó sì dà bíi pé ó ti sún díẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ṣùgbọ́n Waliyat ń wá a tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́, kí ọmọ tó mu ún àti lẹ́yìn tó mu ún, níwájú dígí àti lórí bẹ́ẹ̀dì, ní ìdúró àti ní ìjókòó. Gbogbo ìgbà tó bá wá a ni ìdáhùn tó ń rí ń yàtọ̀. Tó bá ní ó ti tóbi, Fẹ̀yìntọlá á fọwọ́ kàn án, á ní ó ti kéré. Tó bá ní ó ti kéré, Fẹ̀yìntọlá á dákẹ́, torí pé lójú tirẹ̀, ó ti tóbi.

Nígbà tó di ọjọ́ Wẹ́sìdeè, fóònù dá sí i. Waliyat jókòó ti fóònù, ó ń ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nípa kókó inú ọmú títí tí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Hafeez, ọkọ rẹ̀ tó ń tún fíríìjì ṣe ní Wuse, padà wálé, kò sì mọ ẹni tí òun ì bá gbà gbọ́. Ìyàwó ní kí àwọn lọ síbi àyẹ̀wò. Ìyá ìyàwó ní wàrà lásán ni. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó ní, "Ohun tí ẹ bá ti fẹnu kò sí, màá ṣe é." Ṣé ìyẹn náà lọ́rọ̀? Kò sí ohun tí àwọn méjèèjì fẹnu kò sí.

"Màámi, tó bá jẹ́ jẹjẹrẹ ńkọ́?"

"Má pe orúkọ yẹn nínú ilé tí ọmọ tuntun wà!"

Bó ṣe jágbe mọ́ ọn tó yẹn, ẹ̀rù ló ń bà á. Waliyat ni àbígbẹ̀yìn rẹ̀, ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló wà, ọmọ tí kì í tètè sunkún láti kékeré. Tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wá ń sunkún lójoojúmọ́, kí ni ìyá rẹ̀ fẹ́ gbà gbọ́? Fẹ̀yìntọlá á jáde síta, á ní òun ń lọ ra ẹja ní ọjà Kado, á sì dúró síwájú igbá ẹja títí tí ẹni tó ń tà á á fi bi í lẹ́ẹ̀mejì iye tó fẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ tí kò tíì tàn án jẹ rí ni kò mọ ohun tó ń sọ fún un mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Tọ́sìdeè, ó gbé oúnjẹ wọlé fún Waliyat, ó bá a tó gbé ọmọ sáyà, tí omijé ń bọ́ sí orí ọmọ.

"Tí mo bá kú, ta ló máa fún un lọ́mú?"

Ara Fẹ̀yìntọlá kò gbà á mọ́. Ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó tú bọ́tìnnì bùbá rẹ̀, ó sì na ọmú òsì tirẹ̀ síta.

"Mú ọwọ́ rẹ wá. Mú un wá, mo ní! Fi kàn án níbí. Ṣé o rí i? Tèmi nìyí. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti gba ọmú lẹ́nu rẹ. Ìyá mi ló wá gbé ọ lọ sí Ìgbóhò láti já ọ lẹ́nu ọmú, wàrà kún mi láyà fún ọjọ́ mẹ́jọ, kò sẹ́ni tó mu ún. Èyí tó ṣẹ́kù ló dì síbẹ̀. Wàrà rẹ nìyí, èyí tí o ò mu tán. Ṣé èmi kú? Kò sí ìyá ọmọ tí kò ní irú rẹ̀."

Ohun tó rò ni pé tí ọmọ bá fọwọ́ kan ti ìyá, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Waliyat na ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ tu ìyá rẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti wọ̀ ọ́ lára, ìka mẹ́ta ló lò, ó tẹ̀ ẹ́ yípo lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́ yípo lẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ náà sì dúró. Ó ti nǹkan náà sọ́tùn-ún, kò lọ. Ó tì í sósì, kò lọ. Ó le bí ẹkùrọ́.

"Màámi, ẹ gbé ọwọ́ yín sókè."

"Èmi náà? Àwọn ọlọ́pàá ti dé ọ̀dọ̀ mi?"

"Ẹ gbé e sókè, ẹ jọ̀ọ́."

Ó gbé e sókè. Waliyat wo ọmú náà, awọ ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì wọnú, ó ṣe kòtò kékeré kan.

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀ pé ó wà níbẹ̀?"

"Ṣé n kò ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ni? Láti ìgbà tí mo ti já ọ."

"Kò kúrò níbẹ̀ rí?"

Fẹ̀yìntọlá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Èyí tó wà níbẹ̀ nígbà náà rọ̀, ó rántí pé òun fi òrí sí i, ó sì rántí pé ó lọ. Tàbí kò lọ? Èyí ńkọ́? Ọdún tí wọ́n kan páánù tuntun sórí ilé, bóyá ọdún méjì sẹ́yìn, ó ń wẹ̀ lọ́wọ́ ni ọṣẹ gbé ọwọ́ rẹ̀ débẹ̀, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé wàrà Waliyat ti padà dé. Ó rò ó síwájú, ó rò ó sẹ́yìn, kò lè sọ bóyá ọ̀kan náà ni tàbí méjì. Ṣùgbọ́n kò sí ìyá tó fẹ́ kí ọmọ rí òun pé òun ò mọ ohun tí òun ń sọ.

"Láti ìgbà náà ni," ló wí.

Waliyat dìde. Ojú rẹ̀ ti yí padà pátápátá. Kò sunkún mọ́, ìyẹn gan-an ló sì ba ìyá rẹ̀ lẹ́rù jù. Ó wọ balùwẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀, omi ń dà. Nígbà tó jáde, ó ti bọ́jú, ó ní, "Lọ́la, gbogbo wa la jọ ń lọ sí ọsibítù. Ẹ̀yin náà ń bá mi lọ."

Ẹ wá wo bí Fẹ̀yìntọlá ṣe túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Lójú tirẹ̀, Waliyat ti fi ọwọ́ kan ojúlówó wàrà dídì lára ìyá rẹ̀, ó ti rí i pé tirẹ̀ kò jọ ọ́ rárá. Tirẹ̀ ń yọ̀ kiri, ti ìyá dúró sójú kan. Tirẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, ti ìyá kì í lọ síbì kankan. Ti ìyá ló dáa, ti ọmọ ni kò dáa. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ já ọmọ rẹ̀ láyà.

Nígbà tí àkókò ìrun Aláásárì tó, ó tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ó kí ìrun rẹ̀ tán, kò dìde. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ẹni tó mọ̀ dáadáa sọ̀rọ̀. Ó ní tó bá jẹ́ wàrà ni, kí Ọlọ́run fi wàrà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ nǹkan burúkú ni, Khàdíjàt ṣì kéré, òun ti rí ọmọ, òun ti rí ọmọ ọmọ. "Gbé e kúrò lára rẹ̀," ló wí. "Gbé e sára mi." Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi ọwọ́ ra ojú, ó sì lọ gbé omi ọmọ kaná.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kéké gbé àwọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ka Khàdíjàt mọ́ wọn, dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì Hadassah jẹ́ ọmọ Kàbbà, ó gbọ́ Yorùbá, ó sì yọ̀ mọ́ Fẹ̀yìntọlá bíi pé wọ́n ti jọ gbé pọ̀ rí. Ó ní kí Waliyat fún ọmọ lọ́mú tẹ́rùn ná. Lẹ́yìn náà, ó yẹ ọmú méjèèjì wò fúnra rẹ̀, ó sì mú Waliyat lọ sí yàrá kejì, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ wo inú ara. Dókítà tó jókòó síbẹ̀ ń jẹ́ Paul, kò gbọ́ Yorùbá, ó kàn ń mi orí sí Fẹ̀yìntọlá lóòrèkóòrè. Ó fi nǹkan kan yí ọmú Waliyat ká, ó yí i, ó tún un yí, ó ń wo tẹlifíṣàn kékeré iwájú rẹ̀, ó sì sọ gẹ̀ẹ́sì fún Hadassah.

"Wàrà ni," ni Hadassah wí. "Ó kó jọ sójú kan ni. Kò sí wàhálà níbẹ̀. Ẹ máa fún ọmọ lọ́mú nìṣó, kí ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù kan ká tún un wò."

Fẹ̀yìntọlá pariwo "Alhamdulillahi!" tó fi jí ọmọ. Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, omijé ló jáde. Nígbà tó nu ojú tán, ó rántí pé òun ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ Mọ́ńdè.

"Kí ni mo sọ? Kí ni mo sọ fún un, Nọ́ọ̀sì? Ẹ bá mi bi í! Ó ya, dìde ká máa lọ sílé."

Kò sẹ́ni tó dìde. Waliyat ń wo ilẹ̀. Hadassah fa àga sún mọ́ ọn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ìyá, ó ku ẹ̀yin."

"Ó ku èmi kí ni?"

"Waliyat ní nǹkan kan wà lára yín. Ẹ jẹ́ kí n wò ó."

Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo nọ́ọ̀sì, ó wo Dókítà Paul tó ń mi orí. Ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ ọ́ létí. Ta ni aláìsàn níbí gan-an? Ẹni tó sin ọmọ rẹ̀ wá ni òun. Ṣùgbọ́n ayọ̀ ṣì wà lára rẹ̀, ẹni tí inú rẹ̀ bá sì ń dùn kì í le láti bẹ̀. Ó dùbúlẹ̀. Ìka mẹ́ta Hadassah yí ọmú rẹ̀ ká, wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n dúró gẹ́gẹ́ bí ti Waliyat ṣe dúró lánàá. Wọ́n wọ abíyá rẹ̀, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé òun náà síwájú ẹ̀rọ. Lọ́tẹ̀ yìí, dókítà pẹ́ níwájú ẹ̀rọ náà. Ọ̀rọ̀ tó sọ fún Hadassah gùn.

"Ìyá," ni Hadassah wí, "èyí kò jọ wàrà. A ò tíì mọ ohun tó jẹ́ o, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín. Abẹ́rẹ́ kan wà tí dókítà máa fi mú díẹ̀ níbẹ̀, ká gbé e lọ síbi àyẹ̀wò. Wọ́n máa pa ibẹ̀ kú kó má bàa dùn yín. A ò rí nǹkan kan ní abíyá yín, ìyẹn dáa. Tó bá wá jẹ́ èyí tí a ń bẹ̀rù náà ni, àsìkò yìí ló dáa ká gbá a mú. Tí wọ́n bá yọ ọ́..."

"Rárá," ni Fẹ̀yìntọlá wí.

"Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi, Ìyá."

"Rárá. Ẹ má yọ nǹkan kan. Ẹ má gún nǹkan kan. Ó dáa níbi tó wà."

Ó sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó so bùbá rẹ̀ gbòdì, bọ́tìnnì òkè wọnú ihò ìsàlẹ̀, ó sì jáde lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà nínú ọgbà. Waliyat gbé ọmọ tẹ̀ lé e. Ó bẹ̀ ẹ́, ó bínú. Ó bi í bóyá abẹ́rẹ́ ló ń bẹ̀rù, Fẹ̀yìntọlá mi orí pé rárá. Ó bi í bóyá ọ̀rọ̀ owó ni, ó ní Hafeez ti ní kí àwọn má ronú ìyẹn, ìyá rẹ̀ tún mi orí pé rárá.

"Màámi, kí ló wá dé?"

"Gbé ọmọ yẹn sáyà dáadáa, ọrùn rẹ̀ ń yẹ̀." Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́. Ó sọ bí òun ṣe kí ìrun Aláásárì lánàá, bí òun ṣe ní kí Ọlọ́run gbé e kúrò lára ọmọ, kó gbé e sára òun. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta lòun sọ ọ́. "Ó sì ti gbọ́. Wọ́n wá a lára rẹ, wọn ò rí i. Wọ́n wá a lára mi, wọ́n rí i. Tí wọ́n bá wá yọ ọ́ kúrò lára mi, Waliyat, ibo ló máa lọ?"

Waliyat rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún láàárín méjì.

"Ta ló rán yín ní irú àdúrà bẹ́ẹ̀? Ta ló rán yín? Màámi, ẹ̀yin lẹ sọ pé ó ti wà lára yín tipẹ́! Ìgbà tí ẹ ń gbàdúrà yẹn, ṣé kò ti wà níbẹ̀ ni?"

"Ó wà níbẹ̀. Wàrà ni nígbà náà. Àná ló yí padà."

Waliyat jókòó ti ìyá rẹ̀, ó gbé ọmọ sáàárín wọn. Àwọn ènìyàn ń kọjá pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́. Fẹ̀yìntọlá mọ̀ pé ohun tí òun sọ lè má rí bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ kí wọ́n gún òun, nǹkan náà lè padà lọ pa ọmọ. Tí kò bá jẹ́ kí wọ́n gún òun, ọmọ náà nìyí tó ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí ìyá rẹ̀ ti kú tán. Ó wo ojú Waliyat, kò sì fẹ́ràn ohun tó rí níbẹ̀.

Hadassah ló jáde wá bá wọn. Waliyat ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Nọ́ọ̀sì náà fetí sílẹ̀, kò rẹ́rìn-ín, kò sì bá Ìyá jiyàn nípa Ọlọ́run.

"Kí lẹ fẹ́, Ìyá?" ló bi í.

"Mo fẹ́ wò ó fúnra mi," ni Fẹ̀yìntọlá wí. "Bí ẹ ṣe ń ṣe é yẹn. Ẹ kọ́ mi."

Ẹni tí kò sí ẹni tó lè kọ́ ọ ní nǹkan kan lọ́jọ́ Mọ́ńdè ló ń bẹ̀ kí wọ́n kọ́ òun. Wọ́n padà sínú yàrá. Ó fọ ọwọ́. Waliyat dùbúlẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì sẹ́yìn orí. Hadassah mú ìka mẹ́ta àárín ọwọ́ Fẹ̀yìntọlá, ó fi hàn án pé kì í ṣe ṣóńṣó ìka, ibi tó lọ́ra nínú ìka ni, àti pé kì í ṣe àtẹ̀pa bí ẹni tó ń fún òrí. Kó kọ́kọ́ rọra tẹ̀ ẹ́, kó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i, kó wá tẹ̀ ẹ́ wọlé. Fẹ̀yìntọlá di ojú. Ó bẹ̀rẹ̀ láti egungun ọrùn. Kò fo ibì kankan. Ó bá àpò wàrà tí dókítà sọ, ó rọ̀, ó yọ̀ lábẹ́ ìka rẹ̀, ó sì bi Hadassah pé ṣé ìyẹn ni. Hadassah ní ìyẹn ni. Ó wọ abíyá, ó jáde, ó bọ́ sí ọ̀tún. Ó pẹ́ tó fi jẹ́ pé Dókítà Paul yọjú lẹ́ẹ̀kan, ó sì padà.

Nígbà tó parí ti ọmọ, ó fi ìka mẹ́ta náà sínú bùbá ara rẹ̀, ó tẹ ibi tirẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ojú rẹ̀ là. Kò jọ ara wọn rárá. Ó yọ ọwọ́ jáde, ó wò ó bíi pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni.

"Kò sí lára rẹ," ló wí fún Waliyat.

"Kò sí, Màámi."

"Gbọ́ mi dáadáa. Gbogbo oṣù, kí o máa yẹ̀ ẹ́ wò. Kí n má gbọ́ pé o gbàgbé, kí n má gbọ́ pé iṣẹ́ pọ̀. Màá máa pè ọ́, kí o sì sọ ohun tí ọwọ́ rẹ bá bá níbẹ̀ fún mi. Tó bá padà sára rẹ, mo fẹ́ tètè mọ̀, kí n lè tún gbà á."

"Màámi..."

"Ṣé o máa ṣe é àbí o ò ní ṣe é?"

"Màá ṣe é."

"Ó dáa." Ó yíjú sí Hadassah. "Ẹ pe dókítà yín wá. Kó wá gún mi."

Wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ kékeré pa ibẹ̀ kú, wọ́n dúró kó mú. Hadassah ní kó yíjú sí ara ògiri, pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fẹ́ wo abẹ́rẹ́ ńlá. Khàdíjàt ti ń sunkún ọmú, Waliyat sì jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tú aṣọ, ó fi ọmú òsì sí i lẹ́nu. Fẹ̀yìntọlá kò yíjú sí ògiri. Nígbà tí dókítà ki abẹ́rẹ́ náà bọ̀ ọ́, kò mira, kò sì wo abẹ́rẹ́. Àyà Waliyat ló tẹjú mọ́, ó ń ṣọ́ ọ bóyá nǹkan kan máa padà síbẹ̀.